Kòkòrò inú ewé tó ń jẹ owó tòmáàtì: Ìdí tí oògùn fi ń ṣòfò lóko, tí apẹ̀rẹ̀ fi ń wọ́n lọ́jà

Bí ẹ bá rí àgbẹ̀ tòmáàtì tó fín oògùn kòkòrò sóko lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tí ewé oko náà sì tún ń gbẹ bíi pé iná jó o, ẹ má tètè sọ pé ayédèrú oògùn ni wọ́n tà fún un. Ó ṣeé ṣe kí oògùn náà dáa, kó jẹ́ pé kòkòrò tó ń wá kò sí níbi tó ń fín in sí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Èyí tó ń jẹ tòmáàtì yìí náà, inú ewé ló ń gbé, láàárín awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀ ewé gan-an, níbi tí ọ̀pọ̀ oògùn ò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kì í ṣe àgbẹ̀ nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ìyá tó ń ta tòmáàtì ní Mile 12 l'Ékòó tàbí ní ọjà Ṣáṣá n'Ìbàdàn, oníbùkátéríà tó ń se ọbẹ̀ lójoojúmọ́, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata, awakọ̀ tó ń kó ẹrù wá láti Òkè Ọya, gbogbo wọn ni kòkòrò kékeré yìí ń bá pín nínú owó tó yẹ kó wọlé fún wọn. Ẹni tó bá mọ bó ṣe ń gbé ayé rẹ̀, tó sì mọ iye ọjọ́ tó ń lò níbi kọ̀ọ̀kan, yóò mọ ìgbà tó yẹ kóun náwó àti ìgbà tówó náà kàn máa wọgbó. Ohun tá a fẹ́ ṣàlàyé lónìí nìyẹn.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LỌ́DÚN 2016

Tẹ́ ò bá gbàgbé, oṣù karùn-ún ọdún 2016 nìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde pé ọ̀rọ̀ tòmáàtì ti di pàjáwìrì lọ́dọ̀ àwọn. Kọmíṣánnà tó ń rí sí ètò ọ̀gbìn níbẹ̀ sọ fáwọn oníròyìn nígbà náà pé nǹkan bíi igba (200) àgbẹ̀ ló pàdánù tó bílíọ̀nù kan náírà láàárín oṣù kan péré. Ní Kadawa, ìpínlẹ̀ Kánò, iléeṣẹ́ Dangote tí wọ́n kọ́ láti máa lọ tòmáàtì tó tó tọ́ọ̀nù 1,200 lójúmọ́ ò tíì ju bí oṣù méjì lọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó fi dáwọ́ dúró. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́, òṣìṣẹ́ ò daṣẹ́ sílẹ̀. Tòmáàtì tí wọ́n máa lọ ni wọn ò rí rà.

Nílẹ̀ Yorùbá níbí, àwọn tó máa ń ra apẹ̀rẹ̀ odidi bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìlàjì, àwọn tó ń ra ìlàjì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ka ẹyọ. Àwọn èèyàn sọ àjàkálẹ̀ náà ní "Ebola tòmáàtì." Orúkọ yìí kó jìnnìjìnnì bá ọ̀pọ̀ oníbàárà, àmọ́ inagijẹ lásán ni. Kì í ṣe àrùn tó ń mú èèyàn, kò sì sí bí kòkòrò náà ṣe lè kó àìsàn Ebola ran ẹnikẹ́ni. Àpò èèyàn ló ń ṣe níṣẹ́, kì í ṣe ara èèyàn.

Kò sì lọ pátápátá lẹ́yìn ọdún yẹn. Nígbà tí tòmáàtì tún wọ́n gógó láàárín ọdún 2024, kòkòrò yìí kan náà wà lára ohun tí wọ́n dárúkọ pé ó fà á.

TA NI, IBO LÓ SÌ TI WÁ?

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè é ni Tuta absoluta. Àfòpiná ni, ìyẹn ẹbí àwọn kòkòrò tó máa ń fò yí iná ká lálẹ́, ṣùgbọ́n òun kéré púpọ̀ sí èyí tá a mọ̀ nídìí fìtílà. Gígùn rẹ̀ kò ju mìlímítà márùn-ún sí méje lọ, bíi hóró ìrẹsì kan. Àwọ̀ eérú ló ní, pẹ̀lú tóótòòtó dúdú lára ìyẹ́ rẹ̀. Bójú bá mọ́, yóò sá pamọ́ sáàárín ewé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fò kiri títí di àfẹ̀mọ́jú. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ tó ń lọ sóko lọ́sàn-án fi lè wà pẹ̀lú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láì fojú kàn án.

Òun nìkan kọ́ ló ń gbé inú ewé. Oríṣiríṣi àfòpiná kéékèèké ló wà láyé tí ọmọ wọn ń wa kòtò sáàárín ewé. Ọsàn ní tirẹ̀, kọfí náà ní tirẹ̀. Èyí tó fẹ́ràn tòmáàtì ló sọ ara rẹ̀ di gbajúmọ̀ nídìí okòwò.

Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ọdún 1917 ni onímọ̀ kòkòrò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Edward Meyrick, kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀, láti ara èyí tí wọ́n rí lórílẹ̀-èdè Pẹrú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, apá ibẹ̀ ló ń dà láàmú. Nígbà tó di 2006, wọ́n rí i lórílẹ̀-èdè Sípéènì. Àyẹ̀wò àbùdá rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ gbé jáde lọ́dún 2015 fi hàn pé àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Ṣílè ni gbogbo èyí tó gba agbègbè Òkun Mẹditaréníà kan ti wá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré ló sì wọlé tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Nígbà tó fi máa di 2008, ó ti wà ní Mòrókò, Àlùjéríà àti Tùnísíà. Lọ́dún 2012, ó ti dé Sẹ̀nẹ̀gà. Kó tó di ariwo ọdún 2016, ó ti wà ní Nàìjíríà.

Kì í ṣe ìyẹ́ rẹ̀ nìkan ló fi rin ìrìn yìí. Òwò ló gbé e rìn. Inú èso tòmáàtì tí wọ́n ń kó láti ìlú kan sí òmíràn, ara irúgbìn kékeré tí wọ́n ń tà fáwọn àgbẹ̀, àti ara àpótí òun apẹ̀rẹ̀ òfìfo ló ń bá wọn lọ. Ibi tó bá dé, àwọn kòkòrò mìíràn tó máa ń pa á jẹ nílé rẹ̀ lè má bá a débẹ̀. Ẹ fojú inú wo oníṣòwò tó kó wọ ọjà tí kò ti sẹ́ni tó ń bá a dupò.

INÚ EWÉ NILÉ, INÚ EWÉ LOÚNJẸ

Ewé tòmáàtì dà bíi búrẹ́dì tí wọ́n fi àkàrà sáàárín. Awọ òkè kan wà, awọ ìsàlẹ̀ kan wà, àwọn méjèèjì sì fẹ́lẹ́. Ẹran ewé tútù tó wà láàárín wọn ni àkàrà ibẹ̀. Níbẹ̀ ni ewé ti ń lo oòrùn láti ṣe oúnjẹ tí igi tòmáàtì fi ń dàgbà, tó sì fi ń so.

Àgbà àfòpiná kì í jẹ ewé rárá. Ẹyin ló ń yé sára rẹ̀, pàápàá lábẹ́ ewé, àwọn ẹyin náà sì kéré débi pé ojú lásán ò fi bẹ́ẹ̀ rí wọn. Nígbà tí ẹyin bá pa, ìdin tín-ín-ín ló máa jáde. Kì í pẹ́ níta. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan sí bíi ogójì ìṣẹ́jú, ó ti dá ewé lu, ó ti wọlé. Bó ṣe wọlé báyìí, àkàrà ló ń jẹ, yóò fi búrẹ́dì sílẹ̀. Awọ òkè àti awọ ìsàlẹ̀ ṣì wà, wọ́n wá di òrùlé àti ilẹ̀ ilé fún un. Oòrùn ò pa á, ẹyẹ ò tètè rí i, oògùn tó dúró sójú ewé ò sì kàn án.

Àmì rẹ̀ kò ṣòro. Ibi tó ti jẹ yóò funfun, yóò sì mọ́ gaara bíi ọ̀rá nígbà tẹ́ ẹ bá gbé ewé sókè sóòrùn. Ẹ ó rí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú dúdú nínú ibẹ̀, nígbà míràn ẹ ó rí ìdin náà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ibẹ̀ á gbẹ, á sì pọ́n bíi ewé tábà.

Ẹ má ṣe ṣì í mú o. Eṣinṣin kékeré kan wà tí ọmọ tirẹ̀ náà ń wa inú ewé. Ti eṣinṣin máa ń jẹ́ ojú ọ̀nà tóóró tó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bíi òwú funfun. Ti àfòpiná tòmáàtì máa ń gbòòrò bíi àbàwọ́n. Ìyàtọ̀ yìí kan owó yín, nítorí pé ti eṣinṣin kì í kọjá orí ewé, àmọ́ ti àfòpiná yóò wọ inú èso. Abẹ́ ẹ̀kù tútù orí tòmáàtì ló sábà máa ń gbà wọlé, ihò náà kò sì ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Láti ojú abẹ́rẹ́ yẹn ni omi àti ohun tó ń mú nǹkan jẹrà ti ń wọlé, tí tòmáàtì tó dán lóru yóò fi máa ṣomi láàárọ̀.

KÀLẸ́ŃDÀ RẸ̀: ÈLÉ TÓ Ń GORÍ ÈLÉ

Ayé kòkòrò yìí pín sí mẹ́rin. Ẹyin ń lo bí ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún. Ìdin ń lo nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí yóò fi bọ́ awọ tó sì ń tóbi sí i, láti ohun tí kò tó mìlímítà kan títí tó fi máa gùn tó mìlímítà mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà, yóò já bọ́ sílẹ̀, yóò wọ inú ilẹ̀ tàbí kó dúró síbi tí ewé ká sí, yóò ká ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo kan, kò ní í jẹ, kò ní í mu, fún bí ọjọ́ mẹ́wàá. Níbẹ̀ ló ti máa yọ ìyẹ́, tí yóò jáde gẹ́gẹ́ bí àfòpiná.

Oòrùn ló ń pinnu bí kàlẹ́ńdà yìí ṣe ń yára sí. Níbi tí ojú ọjọ́ bá tutù tó dígírì 14, ó ń gbà á tó ọjọ́ 76 láti ẹyin di àgbà. Ní dígírì 20, ó ń gbà á ní bíi ogójì ọjọ́. Ní dígírì 27, ọjọ́ 24 péré ti tó. Ìdí nìyí tí oko tó rọra wà lásìkò ọyẹ́ ṣe lè dìdàkudà nígbà tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú.

Abo kan lè yé ẹyin tó 260 nígbà ayé rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù lára wọn ló sì ń yé láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá akọ pàdé. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní abo kan ṣoṣo ló wọ oko lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbin tòmáàtì. Ká ní èèrà, aláǹtakùn àti òjò pa èyí tó pọ̀ jù nínú ọmọ rẹ̀, kó ku ogún abo péré. Lẹ́yìn bí oṣù kan, ẹ ní 20. Tí ogún yìí náà bá ṣe bẹ́ẹ̀, oṣù kejì ẹ ní 400. Nígbà tó bá di oṣù kẹta tí tòmáàtì ń pọ́n, ẹ ní 8,000. Gbogbo ẹni tó bá ti yá owó èlé rí mọ bí èlé ṣe ń gorí èlé. Gbèsè tẹ́ ẹ lè fi ọwọ́ kan san lóṣù àkọ́kọ́, ilé lẹ ó tà láti san án lóṣù kẹta.

ÌDÍ MẸ́TA TÍ OÒGÙN FI Ń ṢÒFÒ

Àkọ́kọ́ ni ibi tó ń gbé, èyí tá a ti sọ. Àwọn oògùn kan wà tó jẹ́ pé ojú ewé ni wọ́n ń dúró sí. Kòkòrò tó bá fara kàn wọ́n nìkan ló ń kú. Àwọn mìíràn wà tó lè wọnú awọ ewé díẹ̀, bíi èyí tí wọ́n kọ abamectin tàbí emamectin sí lára. Owó lè jọra, iṣẹ́ wọn ò jọra.

Ìkejì ni àkókò. Lọ́jọ́ kan náà, nínú oko kan náà, ẹyin wà, ìdin wà, èyí tó ká ara rẹ̀ jọ sínú ilẹ̀ wà, àgbà wà. Oògùn tó pa ìdin lónìí lè má ṣe ẹyin àti ti inú ilẹ̀ ní nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, àwọn ẹyin pa, àgbẹ̀ á ní oògùn ò ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ o, àwọn tó wà lọ́jọ́ yẹn ló pa.

Ìkẹta ni pé kòkòrò náà ń mọ oògùn lára. Nínú ẹgbẹ̀rún kan, ó lè ku méjì tí oògùn ò ran. Àwọn méjì yìí ló máa bímọ, ọmọ wọn náà á sì jogún àìkú yẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gúúsù Amẹ́ríkà nìyẹn, ó sì tún ṣẹlẹ̀ ní Ítálì, níbi tó ti hàn lọ́dún 2015 pé oògùn olówó gọbọi tí gbogbo èèyàn gbójú lé ò fi bẹ́ẹ̀ ran án mọ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ni pé àgbẹ̀ á pa oògùn dà, á ra èyí tí ìgò rẹ̀ yàtọ̀, kò sì ní í mọ̀ pé oògùn kan náà ló wà nínú méjèèjì. Orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú ìgò kọ́ lẹ máa wò. Ẹ wo orúkọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, tí wọ́n máa ń kọ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ sábẹ́. Bí ìyẹn bá jọra, owó yín ló pààrọ̀, kì í ṣe oògùn.

IBI TÓ YẸ KÓWÓ LỌ

Fún àgbẹ̀, oṣù àkọ́kọ́ lowó ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ wo irúgbìn kékeré kẹ́ ẹ tó rà á. Èyí tó bá ní àbàwọ́n funfun lára, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ẹ fi àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré bo ibi tẹ́ ẹ ti ń tọ́ irúgbìn. Ẹ máa rìn wọ oko lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ máa ṣí abẹ́ ewé wò, èyí tó bá ti lábàwọ́n, ẹ já a. Ẹ má jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko. Ẹ dì í sínú ọ̀rá dúdú, ẹ so ẹnu rẹ̀ pa, ẹ gbé e sínú oòrùn kó sè, tàbí kẹ́ ẹ jó o.

Pàkúté kan tún wà tó dáa. Abo àfòpiná ní òórùn kan tó fi ń pe akọ lóru. Wọ́n ti ń ṣe òórùn yìí, wọ́n ń fi sínú rọ́bà kékeré, wọn á gbé e sórí àtè tàbí ọpọ́n omi. Akọ á fò wá, á há síbẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó yé yín: akọ nìkan ló ń mú, abo tó ti lóyún ẹyin láti oko aládùúgbò ṣì lè wọlé. Nítorí náà, ẹ má retí pé pàkúté nìkan máa gbà yín. Aago ìkìlọ̀ ni. Ọ̀sẹ̀ tí iye tó ń há síbẹ̀ bá ṣàdédé pọ̀, ẹ mọ̀ pé ẹyin ti ń bọ̀ lórí ewé, àkókò tó yẹ kẹ́ ẹ fín oògùn ti tó, nígbà tí ìdin ṣì kéré, tí kò tíì jẹun jìnnà. Oògùn Bt, tó jẹ́ pé kòkòrò àìfojúrí ni wọ́n fi ṣe é, àti èyí tí wọ́n fún lára hóró dóńgóyárò, àkókò yìí ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ jù.

Nígbà tẹ́ ẹ bá kórè tán, ẹ má fi igi tòmáàtì sílẹ̀ lóko. Ẹ má sì gbin ìgbá, áíríìṣì pòtétò tàbí ẹ̀fọ́ odù tẹ̀lé e, nítorí ẹbí kan náà ni wọ́n pẹ̀lú tòmáàtì, kòkòrò yìí á sì rí oúnjẹ jẹ nínú wọn. Àgbàdo tàbí ẹ̀wà ni kẹ́ ẹ fi sinmi ilẹ̀.

Fún oníṣòwò apẹ̀rẹ̀, ẹ má wo òkè apẹ̀rẹ̀ nìkan. Ẹ mú mélòó kan láti àárín, ẹ ṣí ẹ̀kù orí rẹ̀. Bí ẹ bá rí ojú abẹ́rẹ́ pẹ̀lú ìgbẹ́ dúdú lẹ́nu rẹ̀, ẹ jẹ́ kó hàn nínú iye tẹ́ ẹ máa san, ẹ sì tètè ta á lọ́jọ́ náà. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kò ní í dúró dọjọ́ kẹta. Ẹ máa fọ apẹ̀rẹ̀ àti àpótí kí wọ́n tó padà sí Òkè Ọya, kẹ́ ẹ má bàa fi owó yín gbé kòkòrò lọ sí oko tẹ́ ẹ máa tún lọ rajà.

Fún oníbùkátéríà àtàwọn tó ń lọ ata, tòmáàtì tí kòkòrò dá lu díẹ̀ tí kò tíì rà ṣeé gé ibi tó bàjẹ́ kúrò lára rẹ̀. Èyí tó bá ti ṣomi, ẹ jù ú nù, ìlera oníbàárà ju èrè ọjọ́ kan lọ. Ẹni tó bá sì lágbára, ìgbà tí tòmáàtì bá pọ̀ ni kó sá a, kó sè é, kó rọ ọ́ sínú ìgò, kó lè ní ohun tó máa tà nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú tí ariwo bá tún sọ.

Gbogbo àlàyé yìí kò ju nǹkan kan lọ: òun náà ń ka ọjọ́, ẹ máa ka ọjọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó náwó kékeré sórí àwọ̀n àti pàkúté nígbà tí kòkòrò kò tíì ju ogún lọ, ó ti gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbàárin. Ẹni tó dúró dìgbà tí ewé bá pọ́n kó tó sáré lọ ra oògùn, àwọn tó ti jáde kúrò nínú ewé náà ti yé ẹyin mìíràn. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.